Ẹ̀rọ Mẹ́ta, Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kan

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Bàbá, ọ̀rọ̀ náà sì ni “ọ̀la.” Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ebi ń pa á, ọ̀la ni. Bí wọ́n bá ní ṣé kí àwọn ṣí fèrèsé, ọ̀la ni. Nígbà tí dókítà nawọ́ sí Màmá, tó ní kí Bàbá sọ ẹni tí obìnrin yìí jẹ́ sí i, Bàbá wo ìyàwó rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ọ̀la.” Màmá ní òun dúpẹ́, ó kúkú sàn ju kó pe òun ní àná lọ.

Èyí tó dun àwọn ọmọ rẹ̀ jù ni pé Bàbá kì í ṣe ẹni ọ̀la rárá. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, a sì mọ báwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ṣe: ẹ máa lọ ná, ẹ padà wá lọ́la, ó ti kù díẹ̀. Bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kankan rí. Iṣẹ́ tó bá gbà lónìí, òní náà ni yóò gbé àkàbà tì í. Àfi ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá, tó palẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́ bí olè tó ráyè, tó wá fi ẹyọ kan sílẹ̀, èyí tí onílé ò lò rí.

Ilé ìwòsàn fún un ní olùkọ́ ọ̀rọ̀, obìnrin kan tó ń bá àwọn tí àrùn gba ohùn lẹ́nu wọn wá ọ̀rọ̀ wọn padà. Ibi tó wà jìnnà, nítorí náà orí tábúlẹ́ẹ̀tì ló ti ń kọ́ wọn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó tò sẹ́yìn Bàbá pọ̀ bí nǹkan míì, òfin ibẹ̀ ò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni: ẹni tí kíláàsì rẹ̀ bá já lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ti Bàbá ti já lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà méjèèjì, olùkọ́ kí i tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé àwòrán àkọ́kọ́ sókè, ni ojú rẹ̀ bá dúró gbagidi lórí tábúlẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹnu ní lílà, kò sì padà mọ́. Òní ló máa pé ẹ̀ẹ̀kẹta, bó bá tún já.

Ìdí nìyẹn tí Ìjọba fi gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, tó dé sílé àwọn òbí rẹ̀ láàárọ̀ kùtù.

Ìjọba kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Obìnrin ni, òun ni àkọ́bí wọn, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé kan sì ni, ohùn tó fi ń kó ọmọ kúrò lórí pápá náà ló fi ń béèrè iyọ̀ nídìí oúnjẹ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, nítorí pé bí wọ́n bá pín bisikíìtì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gba tirẹ̀ tán, á tún gba owó orí lórí tàwọn tó kù. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Màmá pàápàá ò pe ọkọ rẹ̀ ní nǹkan míì mọ́ ju Bàbá Ìjọba lọ.

Ilé ọ̀hún gùn gbọọrọ. Pálọ̀ àti kíṣìnì wà níwájú, pálọ̀ ni wáyà ayélujára gbà wọlé. Yàrá Bàbá wà lẹ́yìn pátápátá, nítosí balùwẹ̀. Àárín wọn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó ṣókùnkùn tọ̀sán tòru, tó ní àtẹ̀gùn mélòó kan lẹ́nu. Bàbá fúnra rẹ̀ ló dúró ti àwọn bíríkìlà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ògiri nípọn dáadáa, torí òun ò fẹ́ máa gbọ́ ohùn àlejò bí òun bá ń sùn. Wọ́n gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Àlejò kankan ò dí oorun rẹ̀ lọ́wọ́ rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóònù pẹ̀lú kì í gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá ní yàrá ẹ̀yìn.

Ìjọba ti ra ẹ̀rọ Wáífáì mẹ́ta tó máa ń ran ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n funfun, wọ́n ga tó agolo mílíìkì. Ìkan wà ní pálọ̀ nídìí wáyà, ìkejì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń to bàtà sí, ìkẹta wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá. Iṣẹ́ wọn ò yàtọ̀ sí tàwọn tó ń ju bíríkì sí ara wọn níbi ilé kíkọ́: èkíní jù ú sí èkejì, èkejì jù ú sí ẹ̀kẹta. Bí ẹni àárín bá jókòó, bíríkì ò ní dé òkè. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní iná kékeré kan níwájú. Bó bá pupa, kò rí ẹnì kejì rẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú, ó ń wá a. Bó bá funfun, wọ́n ti gbọ́ra wọn yé.

Pálọ̀ ni Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. Ó bá ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nínú aṣọ tí Màmá fi òwú hun, tí wọ́n gbé ìkòkò òdòdó kan lé lórí.

“Màmá, kí ni eléyìí?”

“Kí ni kí n ṣe? Kí n fi sílẹ̀ níhòòhò láàárín pálọ̀? Àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde.”

“Ó fẹ́ gba afẹ́fẹ́, Màmá. Bẹ́ ẹ ṣe bò ó yìí, ooru á pa á.”

Màmá bọ́ aṣọ náà kúrò, ó ká a jọ pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ìjọba rò pé ìṣòro ti tán nìyẹn. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó dé yàrá ẹ̀yìn, ó kí Bàbá, ó wo ẹ̀rọ kẹta. Ó pupa. Ó dúró tì í. Ó ń ṣẹ́jú. Ó funfun. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sáré padà sí pálọ̀ lọ gbé tábúlẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé e dé yàrá Bàbá. Ẹ̀rọ ti tún pupa.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí ká sọ̀rọ̀ òfin ilé yẹn, torí ẹni tí kò bá mọ òfin náà kò ní mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Nígbà tí Bàbá ń ṣiṣẹ́, ó ti rí ilé tó jóná nítorí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé, ó sì ti rí èyí tó jóná nítorí ṣájà lásánlàsàn. Ó wá fi lélẹ̀ pé ẹni bá kúrò níbì kan, kó pa ohun gbogbo tó ń lo iná níbẹ̀. “Pa á!” Wọ́n ń gbọ́ ọ nílé yẹn ju “ẹ káàárọ̀” lọ. O jáde ní balùwẹ̀, pa á. O dìde nídìí tẹlifíṣọ̀n láti lọ mu omi, pa á, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ń wò ó lọ́wọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n kó lọ sílé tiwọn, ọwọ́ wọn ò sì jáwọ́. Ìjọba ti pa iná mọ́ àwọn olùkọ́ lórí níbi ìpàdé rí, ó ti rìn jìnnà kó tó gbọ́ tí wọ́n ń pariwo nínú òkùnkùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn sì ni gbogbo wọn ti kọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ lápá pálọ̀ ni súìṣì wà. Bó o bá ń wọlé, o fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Bó o bá ń jáde, o tún fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Kò sẹ́ni tó ń ronú sí i, bí èèyàn kì í ti í ronú kó tó ṣẹ́jú.

Bó ṣe di ọ̀sán, Ìjọba ti pa ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti tún wọn tan. Ó ti fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré tó wà nídìí wọn, ó ti bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ó ti fẹ̀sùn kan dígí gbọọrọ tó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá, torí ẹnì kan nílé-ìwé sọ fún un pé dígí máa ń dá Wáífáì padà, ó sì ti fi aṣọ ìbora bo dígí náà látòkè délẹ̀. Ó fẹ̀sùn kan fíríìjì. Ó fẹ̀sùn kan aládùúgbò tó wà lápá òsì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀: bó bá dúró ti ẹ̀rọ, á funfun, bó bá kúrò, á kú.

Bàbá ńkọ́? Orí àga ni wọ́n máa ń gbé e sí kó lè kọjú sílẹ̀kùn, láti ibẹ̀ ó ń rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé ẹnu pálọ̀. Gbogbo ìgbà tí Ìjọba bá ti ń jáde lọ ni yóò na ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó ṣì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. “Ọ̀la! Ọ̀la!”

“Ẹ má bínú, Bàbá mi. Omi ni?” Ìjọba bu omi wá. Kì í ṣe omi. Ó gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Kì í ṣe ìrọ̀rí. Ó rò pé afẹ́fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń dà á láàmú, ó bá ti ilẹ̀kùn. Inú bí Bàbá débi pé ó fi ṣíbí lu apá àga títí Màmá fi sáré wá ṣí i.

“Kí lẹ fẹ́, Bàbá Ìjọba?”

“Ọ̀la,” ni Bàbá wí, omi sì lé ròrò sí i lójú. Kò sí ohun tó burú tó kéèyàn mọ ohun tó fẹ́ sọ, kó má rí ẹnu sọ ọ́.

Àbúrò Ìjọba dé lẹ́yìn tó já búrẹ́dì tán. Ọkọ̀ ilé búrẹ́dì ló ń wà, wọ́n sì ń pè é ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kò tíì sí búrẹ́dì tó rún lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kò sì tíì sí oníbàárà tó rí búrẹ́dì rẹ̀ gbà lásìkò rí. Ìjọba fi í sí yàrá Bàbá pé kó máa wo iná ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ á lọ wo ti pálọ̀.

“Ó funfun!” Jẹ́jẹ́ ké. “Ó funfun, ẹ̀gbọ́n mi!”

Ìjọba dé pálọ̀.

“Ó ti pupa o!”

Ìjọba padà wá. Wọ́n dúró díẹ̀, ó funfun. Ìjọba jáde. Ó pupa.

“Ó ti yé mi,” ni Jẹ́jẹ́ wí, ó ń họ àgbọ̀n. “Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé yín ló ṣe ń ṣe. Bẹ́ ẹ bá wà ní kíláàsì, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, kálukú á gba fèrèsé bẹ́ jáde. Ẹ̀rù yín ló ń bà á.”

“Ṣé eré lo rò pé à ń ṣe? Bó bá já lónìí, wọ́n á fi àyè Bàbá fún ẹlòmíì.”

“Mo mọ̀. Bí mi ò bá ṣeré, màá sunkún ni.”

Ìjọba bá pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹbẹ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kejì, fóònù nílẹ̀ kó lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́ orin wọn títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan tó ní ọ̀fìnkìn ló gbé e.

“Mò ń wo ẹ̀rọ kejì yín níbí, mà. Ó ń kú, ó ń jí.”

“Kí ló ń pa á?”

“Ó jọ pé iná ń lọ lára ẹ̀ ni, mà. Ṣé iná ń ṣe ségesège lọ́dọ̀ yín ni?”

“Iná ò ṣẹ́jú láti àárọ̀. Ilé oníṣẹ́ iná lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yìí o.”

“Ẹ má bínú, mà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi í sí yẹn ńkọ́, ṣé kò ní súìṣì tẹ́nì kan ń pa?”

Ìjọba tẹ̀ síwájú, ó ṣún bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó fínnífínní. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ni, ihò nìkan ló wà lójú rẹ̀. “Kò ní súìṣì kankan.”

“A jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn ló níṣòro. A máa fi òmíì ránṣẹ́ sí yín, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Aago mẹ́rin òní ni mo ń sọ fún yín!”

Ọkùnrin náà sín. “Kó tó dìgbà yẹn, mà, ẹ ṣáà fi sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án.”

“Ta ló ń fọwọ́ kàn án? Ẹ̀yin lẹ ń sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kàn án? Mo ti fọwọ́ kàn án?” Ìjọba pa fóònù, ó dìde tìbínútìbínú, ó gba ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri bó ṣe ń kọjá. Láti yàrá ẹ̀yìn, Bàbá ń pariwo ọ̀la.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dá a sọ. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Ó ní kí àwọn gbé Bàbá lọ sí pálọ̀, nídìí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, kí wọ́n ṣe kíláàsì náà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé e lẹ́ẹ̀kan rí, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé ìwòsàn dé. Jẹ́jẹ́ dì í lábíyá mú, Ìjọba gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ Bàbá kan ń gbá àtẹ̀gùn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọkùnrin tó máa ń dá àkàbà rẹ̀ gbé léjìká láti ìgboro délé, ojú tì í débi pé ó dojú kọ ògiri, ó sì sunkún. Ọjọ́ náà ni Màmá ti ní kò sẹ́ni tí yóò tún gbé ọkọ òun bí àpò mọ́, àfi ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé.

“Mo ti sọ ọ́,” ni Màmá wí nísinsìnyí. “Mi ò yí i padà.”

“Màmá, bó bá pàdánù àyè yìí, bó ṣe máa wà nìyẹn. Ọ̀la, ọ̀la, títí ayé. Ṣé ìyẹn lẹ fẹ́?” Ohùn Ìjọba kì í ṣe èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. “Èmi fẹ́ kó pe orúkọ mi. Kó tiẹ̀ fi bú mi, kó ṣáà pè é.”

Màmá mú etí aṣọ rẹ̀, ó nu ojú ọmọ rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé wọ́n á kọ́kọ́ gbìyànjú yàrá ẹ̀yìn. Bó bá já, wọn á gbé e.

Ní aago mẹ́rin ku díẹ̀, gbogbo wọn wọ́ jọ sí yàrá Bàbá. Màmá ti wọ̀ ọ́ ní aṣọ tó mọ́. Jẹ́jẹ́ mú tábúlẹ́ẹ̀tì dání bí ẹni gbé ẹyin. Ẹ̀rọ kẹta pupa, ó ṣẹ́jú, ó funfun, kò sì sẹ́ni tó yọ̀. Ojú olùkọ́ ọ̀rọ̀ bá yọ, obìnrin onígíláàsì kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá fún mi lónìí o. Ṣé ẹ wọ gíláàsì yín? Àwòrán tòní kéré díẹ̀.”

Gíláàsì Bàbá wà lórí tábìlì ní pálọ̀. “Mò ń bọ̀!” ni Ìjọba wí, ó sì ti sáré jáde. Ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ sì gbéra fúnra rẹ̀ lọ sára ògiri.

“Má pa á!”

Àtẹ́lẹwọ́ ti balẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣú. Ìjọba kò mira. Ó mọ ohùn yẹn láti inú oyún, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mélòó kan tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ sì rí bí ti ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Nínú yàrá, Jẹ́jẹ́ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ó ti pupa.”

Ìgbà yẹn ni Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Súìṣì méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sún mọ́ra lójú kan. Ìkan fún gílóòbù. Ìkejì ńkọ́? Ó mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún Bàbá lọ́jọ́ tó ń ṣe é. Àwọn ọmọ máa ń rántí gílóòbù, wọ́n á gbàgbé áyọ́ọ̀nù tí wọ́n kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀, ariwo “pa á” sì ti sú Bàbá. Ó bá la ògiri, ó fa wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì náà gòkè, ó fi súìṣì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti gílóòbù kí àtẹ́lẹwọ́ kan lè pa méjèèjì. Ó ní òfin tí ẹnu ò bá lè mú ṣẹ, ògiri á mú un ṣẹ. Ògiri sì ti mú un ṣẹ láti àárọ̀. Dígí ò jẹ̀bi, fíríìjì ò jẹ̀bi, aládùúgbò ò jẹ̀bi. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìjọba gbá súìṣì náà padà. Ó mú gíláàsì, ó padà sí yàrá, ó kúnlẹ̀ níwájú àga Bàbá.

“Ohun tẹ́ ẹ ń sọ fún mi látàárọ̀ nìyẹn? Pé èmi ni?”

Bàbá wò ó. Kì í ṣe pé ó ń rẹ́rìn-ín, apá kan ẹnu rẹ̀ ò gbé e. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

“Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó,” ni Jẹ́jẹ́ wí, “bí Ìjọba gun igi, kò lè rí i.” Ó fi apá aṣọ nu imú rẹ̀.

Iná ṣẹ́jú, ó funfun. Olùkọ́ yọ padà. Gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní kí wọ́n máa mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kíláàsì tó já tó sì padà kì í ṣe kíláàsì tó já. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tí Bàbá wí fún un, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó rọra sọ̀rọ̀.

“Mo gbà yín gbọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lè já bọ́ nígbà ìpayà, kó sì má padà wá mọ́. Èyí tí wọ́n bá fúnra wọn pè, láìsí ìpayà, ìyẹn là ń wá. Bàbá, ẹ bá mi sọ ọ́. Má…”

Bàbá la ẹnu. Gbogbo wọn la tiwọn pẹ̀lú rẹ̀.

“Ọ̀la,” ni Bàbá wí.

Àánú rẹ̀ ṣe Ìjọba, àánú ara rẹ̀ náà sì ṣe é. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ò dẹ́kun, ó ní kí wọ́n fún Bàbá láyè, kí ojú má pọ̀ lé e lórí. Ìjọba bá gbé àpótí ìjókòó kékeré kan, ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ súìṣì. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé di ọlọ́dẹ. Kò fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, ó jókòó lé méjèèjì. Ó ń gbọ́ ohùn olùkọ́ láti ibẹ̀, “Má… Má…”, àti ohùn Bàbá tí ń wá nǹkan nínú òkùnkùn, tí ń fọwọ́ tálẹ̀. “Ọ… Mmm… Ọ̀la.” Wọ́n ṣe é títí. Jẹ́jẹ́ ò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí i, Màmá dìde láti lọ gbé omi kaná ní kíṣìnì, torí ọ̀fun Bàbá ti gbẹ. Ó rọra gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀, ó tẹ orí ba, ó ń ronú. Ó gun àtẹ̀gùn. Ó dé ẹ̀gbẹ́ Ìjọba. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ sára ògiri, gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ń gòkè látìgbà tí ilé náà ti wà. Ìjọba rí i, ó ń fa ọwọ́ tirẹ̀ yọ lábẹ́ itan kó lè mú un.

“Má,” ni ohùn kan wí láti yàrá ẹ̀yìn.

Kò pariwo. Ó rọra ń bọ̀, bí ẹni ń gun àkàbà.

“Má… pa… á.”

Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ ké, ó sì ń pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ Màmá ṣì wà lókè, kò kan súìṣì. Ó yíjú padà, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láti òkè délẹ̀, títí dé orí àga tí ọkọ rẹ̀ wà.

“Mo gbọ́, Bàbá Ìjọba,” ni Màmá wí. “Mi ò pa á.”

Ó fi ọwọ́ náà sáyà, ó sì kọjá lọ sí kíṣìnì, ó fi iná sílẹ̀ ní títàn lẹ́yìn rẹ̀.